Gba Ọmọ Rẹ, Gba Ọ̀rọ̀ Ẹnu Rẹ̀

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ti gba ìwé-ẹ̀rí, tí ẹ jókòó sílé, tí ẹ ń ro ohun tí ẹ ó fi ọwọ́ yín ṣe, ìtàn iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe tèmi. Ti ìyá tó bí ìyá mi ni. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe láti ìgbà ọmọge títí orúnkún wọn fi kọ̀: wọ́n ń tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ fún àwọn obìnrin tí ń yan gàrí ní abúlé wa, lẹ́yìn Ìjàyè. Èmi ni mo ń kọ ọ́ nítorí pé ìyá àgbà kò mọ̀wé kọ, àti nítorí ìdí kan tó ń tì mí lójú díẹ̀: ẹ̀rù ń bà mí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ni mo kà ní yunifásítì. Mo sin ilẹ̀ baba mi tán, mo sì padà sábúlé láti sinmi díẹ̀. Díẹ̀ náà ti di oṣù mẹ́jọ. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, mẹ́ta nínú àwọn obìnrin àgọ́ gàrí wọlé wá kí ìyá àgbà. Wọ́n ní ara ìyá kò gbé iṣẹ́ náà mọ́. Wọ́n ní èmi tí mo kàwé nípa bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀, kí ni mo tún ń wá kiri? Wọ́n fún mi di ọjọ́ ọjà Moniya tó ń bọ̀ kí n fún wọn lésì. Bí mo bá kọ̀, wọn yóò tú ibùjókòó àwọn ọmọ ká, oníkálukú yóò sì máa pọn ọmọ rẹ̀ nídìí iná.

Inú mi dàrú. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà kéré lójú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irọ́ ni màá pa bí mo bá ní èrò yẹn kò kọjá lọ́kàn mi rí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an ni pé ọmọ èèyàn ni. Ìwé tí mo bá kọ tí kò dáa, mo lè fà á ya. Bí ọmọ olọ́mọ bá fara pa lọ́wọ́ mi ńkọ́?

Mo lọ bá ìyá àgbà níbi tí wọ́n na ẹsẹ̀ sí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ìyá àgbà, ẹ sọ gbogbo iṣẹ́ yín fún mi. Ẹ má yọ èyí tó burú sílẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àníkẹ́, ṣé èyí tó burú ni o fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́? Jókòó. Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀."

Wọn ò pẹ́ rárá lórí bí wọ́n ṣe gba iṣẹ́ náà: ìyá wọn ń bẹ ẹ̀gẹ́ ní àgọ́, àwọn fúnra wọn fẹ́ràn ọmọ, ó parí. Owó iṣẹ́ ńkọ́? Igbá gàrí kan lọ́wọ́ ìyá kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Ó di owó nígbà tó yá, kò sì pọ̀ rí. Ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́ ni wọ́n fi odindi ọ̀sán kan sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

"Ìyá Àbẹ̀ní ni wọ́n ń pè wọ́n. Obìnrin gbọọrọ ni wọ́n, ará Ìjàyè. Bí wọ́n bá wò ọ́, wàá rò pé o ti jí nǹkan. Ọjọ́ tí mo dé, mo rò pé iṣẹ́ mi ni kí n mú kí àwọn ọmọ dákẹ́. Mo kó wọn jọ, mo ń kọrin fún wọn, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń wò mí. Inú mi dùn. Ìyá Àbẹ̀ní wọlé, wọ́n ní, 'Ta ló kú níbí?'

"Mo ní, 'Èèyàn kankan ò kú, mà.'

"'Kí ló dé tí ibí fi dákẹ́? Ṣé ìwọ lò ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ni? Ìwọ ti mọ̀ ọ́n sọ. Pa ẹnu rẹ dé, kí àwọn tí kò tíì mọ̀ ọ́n ráyè.'"

Odindi oṣù kan ni ìyá àgbà fi jókòó, tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà tí kò nílò ṣíṣà, tí wọ́n ń fetí sí àwọn ọmọ tí ń ṣeré yí wọn ká. Bí ọmọ bá na ọwọ́ sí àfọ́kù igbá, kí wọ́n gbé e fún un, kí wọ́n ní "igbá," kí wọ́n sì dákẹ́. Bí ó bá pè é ní ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ojú omi ni. Bí ó bá pè é ní fìlà, kí wọ́n béèrè ta ló ni fìlà náà. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ tó ga jù ni pé, bí ọmọ bá dúró láàárín ọ̀rọ̀ tó ń wá èyí tó kù, àgbà kankan kò gbọdọ̀ bá a parí rẹ̀. Ìyá àgbà ṣe é lẹ́ẹ̀kan, Ìyá Àbẹ̀ní sì gbá wọn lẹ́yìn ọrùn. "Oúnjẹ tí ọmọ fẹ́ fi sẹ́nu, ìwọ já a gbà, o jẹ ẹ́!"

Mo sọ fún ìyá àgbà pé wọ́n kọ́ wa ní nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ọmọ tó bá mú òkúta tó ní búrẹ́dì ni, ó ti mọ̀ pé nǹkan kan lè dúró fún òmíràn, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́: ohùn lásán ló dúró fún nǹkan. Mo ní nínú eré ni ọmọ ti ń rí ìdí tó fi yẹ kóun sọ̀rọ̀, torí pé ẹni tó ń tà gbọ́dọ̀ dá ẹni tó ń rà lóhùn.

Ìyá àgbà mi orí títí mo fi sọ ọ́ tán. "Ó dáa. Ọdún mélòó ni wọ́n fi kọ́ yín nìyẹn?"

"Mẹ́rin, mà."

"Ẹ kú ìnáwó."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Àṣà kan wà ní àgọ́ náà tí mi ò rí níbòmíràn rí. Ní ìrọ̀lẹ́, bí àwọn ìyá bá ti ń bọ̀ láti ìdí agbada pẹ̀lú èéfín lára aṣọ wọn, olùtọ́jú á fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, á ní, "Gba ọmọ rẹ, gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀." Lẹ́yìn náà, á sọ ohun kan ṣoṣo tí ọmọ náà sọ lọ́jọ́ yẹn, bó ṣe sọ ọ́ gan-an, láìtún un ṣe. "Lásún ní òjò ń fọ abọ́." "Múyìbì ní ewúrẹ́ ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé." Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀, á ní, "Ó wo ẹyẹ, ó ní bá, bá." Ìyá á rẹ́rìn-ín, á sì bá ọmọ rẹ̀ mú ọ̀rọ̀ náà délé: "Kí ni ewúrẹ́ ṣe fún ọ?" Bí eré ọ̀sán ṣe ń di ọ̀rọ̀ ilé nìyẹn. Nígbà tí Ìyá Àbẹ̀ní darúgbó, ìyá àgbà ló gba iṣẹ́ náà, wọn ò sì fi ọjọ́ kan jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ọ̀rọ̀. Títí ẹ̀rọ fi dé.

Tẹ́lẹ̀ rí, páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu ni wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, àpá sì kún ọwọ́ gbogbo obìnrin abúlé. Ẹ̀rọ dé, ó ń bú ramúramù, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta di ti wákàtí kan. Àwọn àgbà yọ̀. Àwọn ọmọ yọ̀ jù wọ́n lọ, torí pé eré tuntun dé. Múyìbì, tó ti tó ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà, ni ọ̀gá ẹlẹ́rọ. Á fẹnu bú bí ẹ̀rọ, àwọn yòókù á máa da èèpo ẹ̀gẹ́ sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n á máa bá a jà: "Èmi ni mo kọ́kọ́ dé!" "Ẹ lọ tèmi kó kúnná!" Ìyá àgbà ní eré kankan ò mú ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu ọmọ tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Lọ́jọ́ kan," ni ìyá àgbà wí, "ẹlẹ́rọ gidi fi ẹ̀rọ sílẹ̀, kò pa á, ó lọ kí ẹnì kan lójú títì. Múyìbì kó èèpo rẹ̀ dání. Ó lọ dà á sẹ́nu ẹ̀rọ. Èmi wà níbẹ̀, Àníkẹ́. Ọmọ kan ṣubú, mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé e. Ìgbà tí mo fi máa gbórí sókè..."

Wọ́n dákẹ́. Mo mọ ohun tó kù, ó sì ń yún mi lẹ́nu láti sọ ọ́ kí ó lè tán. Mo di ẹnu mi mú.

"Ìka méjì," ni wọ́n parí rẹ̀. "Lọ́wọ́ òsì."

Wọ́n fi ọ̀kadà gbé e lọ sí Moniya. Ó yè. Kò sẹ́ni tó bú ìyá àgbà, kódà ìyá Múyìbì kò bú wọn, ìyẹn gan-an ló sì dùn wọ́n jù. Wọ́n ní ká ní ẹnì kan bú wọn ni, wọn ì bá rí ẹni bá jà, ọkàn wọn ì bá fúyẹ́. Ó yé mi. Nígbà tí èèyàn kò bá dá wa lẹ́bi, ara wa la máa ń dá lẹ́jọ́, a kì í sì í ṣàánú ara wa.

Ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láti ọjọ́ náà, ìyá àgbà tẹ́ ẹní sílẹ̀. "Ẹ jókòó. Ẹ na ẹsẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ lé itan." Kò sí eré ẹlẹ́rọ mọ́, kò sí yẹ̀pẹ̀, kò sí eré ìyá àti bàbá. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni kí wọ́n máa ka ení, èjì, ẹ̀ta tẹ̀lé ìyá àgbà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kò sọ́mọ tó fara pa. Àwọn ìyá ń yìn wọ́n pé àwọn ọmọ ti gbọ́n, wọ́n ti mọ jíjókòó.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ á dé, ìyá àgbà á gbé ọmọ sókè, ẹnu wọn á sì gbẹ. Ọmọ tó ń ka ení, èjì tẹ̀lé ọ, kí lo fẹ́ sọ pé ó wí? Ojú ti wọ́n láti sọ pé kò sí nǹkan. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í hun ọ̀rọ̀ fúnra wọn.

Èyí tó burú gan-an tí mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má yọ sílẹ̀ nìyẹn. Mo ti rò pé ìka Múyìbì ni.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Rófí. Nígbà tó dé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò sì ju mẹ́rin lọ: màmá, omi, gbà, rárá. Orí ẹní ló dàgbà sí. Ọdún kan kọjá lórí ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò pọ̀ sí i, wọ́n ń dín kù ni. Bí wọ́n ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ìyá àgbà ń fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ń dára sí i. "Rófí ní oòrùn ti rẹ òun." "Rófí ní adìyẹ ń wá bàtà rẹ̀." Ìyá Rófí á gbé e dé Moniya, á máa ròyìn fún àwọn tó ń ra gàrí pé ọmọ òun ń sọ̀rọ̀ bí àgbà.

Irọ́ lè sá fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá Rófí dúró níwájú ìyá àgbà, kò gbé ọmọ sílẹ̀.

"Ìyá, lánàá ẹ ní Rófí ní ẹ̀wà ló wu òun."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo wá ẹ̀wà, mo sè é. Mo ní, 'Rófí, kí lo sọ fún ìyá?' Ó ń wò mí. Mo ní, 'Sọ ọ́ fún èmi náà.' Ó kàn ń wò mí." Ó fún ọmọ náà mọ́ àyà. "Ìyá, kí ni mo ṣe fún un? Kí ló dé tó jẹ́ pé èmi nìkan ni kì í fẹ́ bá sọ̀rọ̀?"

Ìyá àgbà kúnlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò: àgbà obìnrin, lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ẹni tí wọ́n lè bí lọ́mọ, lójú gbogbo àgọ́. "Kò bá mi sọ̀rọ̀ rí. Èmi ni mò ń purọ́."

Ẹnì kan ní, "Háà, àgbàlagbà!" Òmíràn ní kí wọ́n fi ìyá sílẹ̀, ṣebí ọmọ kankan ò fara pa mọ́.

"Kò fara pa?" Ìyá Rófí yíjú sí i. "Ìka Múyìbì lọ, gbogbo wa gbọ́ igbe. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ tèmi ń lọ, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ wá ní kò fara pa?"

Ìyá Múyìbì ló là wọ́n. Ó gbé ọmọorógùn lélẹ̀. "Ẹ̀rọ ló jẹ ọmọ mi, eré kọ́. Èyí tó jẹun ni kí ẹ so mọ́lẹ̀. Ẹ tú àwọn ọmọ sílẹ̀."

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn ọkùnrin fi ọparun ṣe ọgbà yí ẹ̀rọ ká, wọ́n kan ilẹ̀kùn sí i, wọ́n sì kó ibùjókòó àwọn ọmọ lọ sábẹ́ igi kajú lódìkejì ọ̀nà. Ìyá àgbà ká ẹní. Wọ́n ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ kò mọ ohun tí wọn yóò fi ẹsẹ̀ wọn ṣe.

Múyìbì ló kọ́kọ́ dìde. Ó gun igi ńlá kan tó ti ṣubú, ó sọ ọ́ di ọkọ̀, ó fi ọwọ́ tó pé àti èyí tí kò pé di ọwọ́ ọkọ̀ mú. "Moniya! Moniya! Ó ku ẹnì kan!" Àwọn ọmọ gun igi. Bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, á pariwo pé "Ó wà o!" bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá wọn, Múyìbì á sì tẹ bíréèkì. Rófí gun ọkọ̀ lọ́jọ́ kìíní, kò sọ nǹkan. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Gbogbo èrò á sọ̀ kalẹ̀ tán, òun á jókòó síbẹ̀.

"Ọmọ yìí ò sọ ibi tó ń lọ," ni Múyìbì wí. "Ìyá, kí ni ká ṣe fún un?"

"Ìwọ lo ni ọkọ̀."

"Màá gbé e dé Ọ̀yọ́ nìyẹn o!"

Ojoojúmọ́ ló ń gbé e dé Ọ̀yọ́. Ìyá àgbà ní ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu àwọn bí omi gbígbóná. Ó wà o. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Ìyá Rófí gan-an máa ń dúró lẹ́yìn igi kajú, á máa jẹ etí aṣọ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ á dé, ìyá àgbà á gbé Rófí fún un, á ní, "Gba ọmọ rẹ. Kò tíì sọ̀rọ̀ lónìí." Ìyá Rófí á ní, "Ẹ ṣé tí ẹ sọ òtítọ́."

Wọn ò ka ọjọ́ tó gbà. Wọ́n ṣáà ní kajú tó ń tanná nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti so, ó sì ti pọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ kún. Èrò sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Múyìbì wẹ̀yìn, ó mí kanlẹ̀ bí awakọ̀ tó ti rẹ̀, ó ní, "Ọ̀yọ́ náà ni, àbí?" ó sì ki ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Rófí wo ẹ̀yìn. Ó wo iwájú. Ó di aṣọ Múyìbì mú.

"Ó wà!"

Múyìbì tẹ bíréèkì tó bẹ́ẹ̀ tó fi ṣubú kúrò lórí igi. "Níbo ló wà?"

Kò sẹ́ni tó bá a dáhùn. Rófí ń wá a. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Ìyá àgbà ní àwọn fi èékánná gún àtẹ́lẹwọ́ àwọn.

"Ọ̀dọ̀ màmá," ni Rófí wí.

Ìyá àgbà sọ fún mi pé lọ́jọ́ náà, nígbà tí ìrọ̀lẹ́ dé, àwọn kò lè sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àwọn fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ẹkún kò jẹ́. Ìyá rẹ̀ ló ní, "Ẹ fi sílẹ̀, ìyá. Mo gbọ́ ọ."

Wọ́n tún fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ náà lẹ́yìn ìyẹn. Ṣùkù àgbàdo tí àwọn ọmọ ń pọ̀n lọ, ọmọláńgidi oníke dé. Ìkarahun ìgbín lọ, ìdérí ìgò dé. Fóònù náà dé, àwọn ìyá ń gbé e lé ọmọ lọ́wọ́ kí ó lè dákẹ́. Mo rò pé ìyá àgbà yóò bú fóònù, wọn ò bú u. Wọ́n ní, "Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń dúró gbọ́ èsì ni." Fóònù tó ti bàjẹ́ ni wọ́n máa ń tọrọ, torí pé òun làwọn ọmọ fi ń pe bàbá wọn ní Ìbàdàn: "Ẹ ra búrẹ́dì bọ̀ o! Ẹ má gbàgbé bọ́tà!" Lọ́dún tó kọjá, orúnkún wọn kọ̀, wọn ò lè jókòó nílẹ̀ kí wọ́n dìde mọ́. Ibi tí iṣẹ́ tiwọn parí sí nìyẹn; láti ìgbà náà, àwọn ìyá ló ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ yọjú wo àwọn ọmọ.

"O ti gbọ́ gbogbo rẹ̀," ni wọ́n wí. "Mi ò ní parí tìrẹ fún ọ."

Mo rò pé bí mo bá gbọ́ ìtàn náà tán, ọkàn mi yóò balẹ̀. Kò balẹ̀. Ẹ̀rù méjì ló wá ń bà mí dípò ọ̀kan: kí ọmọ má fara pa, kí n má sì torí ìyẹn so ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ọjà Moniya pé, mo ti pinnu pé màá kọ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà jọ, ó ní ọ̀wọ̀ nínú, ó ní ẹ̀bẹ̀ nínú. Mo ń gba abẹ́ igi kajú kọjá lọ bá àwọn obìnrin náà nídìí agbada, níbi tí wọ́n ti ń di gàrí sínú àpò, tí wọ́n sì ń yọjú wo àwọn ọmọ wọn nígbà gbogbo.

Ọmọ kan, Sàdíà, tí kò lè ju ọdún mẹ́rin lọ, di etí aṣọ mi mú. "Ẹ jókòó. A ò lọ́mọ."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin ni ọmọ wa. Ọmọ kì í sọ̀rọ̀. Ẹ sunkún."

Mo jókòó nílẹ̀. Mo ní, "Hin, hin."

"Rárá o," ni Sàdíà wí, ó fọwọ́ sí ìbàdí. "Ìyẹn ò dáa. Ẹ sunkún gidi."

Mo tún gbìyànjú, mi ò sì mọ ìgbà tó di gidi. Oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń rẹ́rìn-ín fún àwọn tó ń béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú tì mí. Mo fi ọwọ́ bojú. Mo rò pé mo ti dẹ́rù ba àwọn ọmọ olọ́mọ.

Ọwọ́ kékeré kan bà lé ẹ̀yìn mi, ó ń gbá a pẹ́pẹ́. "Ó tó, ó tó. Ìyá ò sá lọ. Ìyá lọ yan gàrí ni. Tí gàrí bá gbẹ, ìyá á fọwọ́, ìyá á wá gbé ọ, a ó jọ lọ sílé."

"Ṣé ó ti dákẹ́?" ni ọmọ kan béèrè.

"Kò tíì dákẹ́. Fi í sílẹ̀ kó sun ún tán."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú àpò gàrí lórí. "Àníkẹ́! Ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra o. Èsì wa dà?"

Mo la ẹnu. Sàdíà fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó kún fún yẹ̀pẹ̀ bò ó.

"Ẹ má bá a sọ̀rọ̀," ló wí fún un. "Ọmọ wa ni. Ó ti fẹ́ sùn."

Mo gbé ọ̀rọ̀ kíkọ̀ tí mo ti tò jọ mì, mo gbé orí lé ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì di ojú.